Ta Ló Ń Fọ Ilẹ̀ fún Yàrá Kẹfà?

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹwàá 2024

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló tún gbé báàgì kọ́ apá lọ sí lẹ́sìnnì ní Àpápá. Ìyá Bright tó ń gbé iwájú ilé mi bi mí bóyá ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kábò ni tíṣà. Ebikabowei ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n ìyá mi ò gba gbogbo rẹ̀, wọ́n gé e kúrú sí Kábò, gbogbo ilé wa ní Àmúkokò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ilé kan náà la gbé dàgbà. Yàrá kejì ni tiwọn, yàrá keje ni tiwa, pásééjì kan ṣoṣo ló gba àárín gbogbo wa kọjá. Òun lọ sí yunifásítì, èmi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ó wálé ní họlidé kan, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, ó ń yí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣáá bí ẹni tó fẹ́ já a. Ó ní òun ti rí ìṣirò kan tí wọn kì í fi rúlà wọn nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ohun, ìyẹn nìkan ni wọ́n ń béèrè. Topọ́lọ́jì ló pè é. Mo ní kó kọ́ mi. Ó ní tí òun bá tún padà wá.

Ó padà wá. Ó di olùkọ́ yunifásítì, ó gbéyàwó, èmi náà fẹ́ Kọ́láwọlé mi. A bímọ. Kọ́láwọlé kú, ìyàwó Kábò náà kú. Topọ́lọ́jì ṣì wà níbẹ̀, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ojú rẹ̀ ló ń lọ báyìí. Àrùn tó máa ń jí ìríran lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Preye ọmọ rẹ̀ obìnrin ní òun ò lè fi bàbá òun sílẹ̀ nìkan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Àpápá mọ́. Yóò mú un lọ sí Yenagoa ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Bí mi ò bá kọ́ topọ́lọ́jì kó tó lọ, mi ò ní kọ́ ọ mọ́ láyé yìí. Mo mọ ara mi.

Mo débẹ̀ pẹ̀lú gègé tuntun, ó ní kò sí topọ́lọ́jì lónìí. Sẹ́ẹ̀tì ni a máa kọ́kọ́ ṣe. Sẹ́ẹ̀tì kẹ̀! Mo ní mo ti kọ́ àwọn ọmọ JSS ní sẹ́ẹ̀tì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Na circle you dey teach them, Harriet. You never teach set."

Agbéraga. Kò yí padà.

Àìkú, 6 oṣù kẹwàá

Màmá Dáramọ́lá, ìyá ọkọ mi, wà nínú kúáyà, wọ́n sì tún wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ibi tí sẹ́ẹ̀tì méjì ti pàdé nìyẹn. Mi ò gbọ́ wàásù.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹwàá

Mo gba òdo. Èmi.

Ìbéèrè náà rí bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó ní ká mú ilé wa ní Àmúkokò. Ilé náà jẹ́ sẹ́ẹ̀tì, àwọn yàrá ni ọmọ inú rẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan náà jẹ́ sẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn ni ọmọ inú tirẹ̀. Ṣé Harriet jẹ́ ọmọ inú ilé náà?

Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni gàdàgbà. Níbo la ti bí mi? Níbo ni ọkọ ti wá mú mi? Kábò fi máàkà rẹ̀ fa ìlà lé e lórí. Ó ní yàrá ni ọmọ inú ilé. Harriet wà nínú yàrá keje, yàrá keje wà nínú ilé, ṣùgbọ́n Harriet kò sí nínú ilé. Mo bínú débi pé mi ò mu tíì tó gbé fún mi.

Mò ń padà sílé, mo dé ibùdókọ̀ Boundary, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni! Bàbá Onílé wa ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. "Yàrá keje, ariwo yín ti pọ̀ jù." "Yàrá kejì, ta ló da omi síbí?" Yàrá ni wọ́n mọ̀. Àwa ènìyàn inú rẹ̀, wọn ò kà wá.

Kábò ní tí mo bá fẹ́ ènìyàn, kí n tú gbogbo yàrá pọ̀. Èyí náà yé mi. Bí iná ṣe máa ń lọ nìyẹn lásìkò ooru, tí gbogbo ilẹ̀kùn á ṣí, tí oníkálukú á gbé ẹní jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹlẹ́sìn Jésù, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí, Íjọ̀, Ìgbò, Yorùbá, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Màmá Ebiere, ìyá Kábò, á máa fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn fún ọmọ tó bá sún mọ́ wọn, wọn ò ní wo ọmọ ta ni. Ìyá mi á máa tẹnu mọ́ ìtàn ìjàpá kan náà. Háà. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé inú mi ń dùn.

Ẹtì, 11 oṣù kẹwàá

Lónìí mo ṣe dáadáa.

Ohun tó ń mú ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi kan ṣoṣo la kọ́. Ó ní kí n mú gbogbo ọmọ ilé wa, kí n tọ́ka sí ilé ìwé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ọmọ yàrá kejì àti ọmọ yàrá keje, ǹjẹ́ ẹnì kan wà tó wà nínú méjèèjì? Kò sí. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ń lọ ńkọ́? Ilé ìwé kan náà. Èmi àti òun, kíláàsì kan náà, bẹ́ǹṣì kan náà.

Nítorí náà, tí o bá ń lọ síwájú, ohun tó dá wà lọ́tọ̀ lè dà pọ̀. Tí o bá yí padà, tí o dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé tí o bi wọ́n pé àwọn wo ló ti ilé wa wá síbí, kò sí ohun tó máa dàrú. Ilé ìwé méjì tó yàtọ̀, ọmọ kan ò ní ti inú méjèèjì padà wá. Kábò ní lórí pípadà sẹ́yìn yìí ni topọ́lọ́jì dúró lé.

Mo ní ìṣirò àwọn arúgbó nìyẹn o. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Ọ̀nà ilé ìwé yẹn. Bí òjò bá rọ̀, omi á dé orúnkún. Kábò á gbé bàtà tèmi àti tirẹ̀ lé orí, á máa rìn bí ẹni ru igbá iyebíye. Mi ò béèrè pé kó bá mi gbé e rí. Ṣe ni mo máa ń bọ́ ọ tí mo ń nà án sí i.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹwàá

Preye pè mí láti Yenagoa. Ọmọ dáadáa. "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Daddy kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún un.

Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹwàá

Ìjà ńlá. Nítorí yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀!

Sẹ́ẹ̀tì òfìfo la dé. Kábò ní ká mú yàrá kẹfà. Mi ò tíì rántí yàrá yẹn láti ọjọ́ yìí. Yàrá Bọ̀ọ̀dá Monday ni, tó ń ṣiṣẹ́ lórí báàjì, ọkọ̀ akẹ́rù orí omi, ní Kirikiri. Ó bá ọkọ̀ òkun lọ lọ́jọ́ kan, kò padà. Bàbá Onílé kọ̀ láti já àgádágodo rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó lọ sójú omi, a kì í gba yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó má baà dé kó má rí ibi sùn. Títí mo fi kúrò nílé yẹn, títì ni yàrá náà wà.

Kábò ní: "Gbogbo ẹni tó ń gbé yàrá kẹfà ló ní orí méjì." Òótọ́ àbí irọ́? Mo ní irọ́ pọ́ńbélé. Ó ní kí n mú ẹnì kan jáde níbẹ̀ tí orí rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "Ehen. So who talk lie?"

Mo ní orí kan ni wọ́n ní. Ó ní ìyẹn náà òótọ́ ni. Mo ní ìwọ Kábò yìí, ọgbọ́n rẹ ti di wèrè. A pariwo débi pé ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ fi igi gbá àjà rẹ̀.

Àmọ́ mo ti rí i báyìí. Ẹni tí kò sí, o ò lè rí i mú ṣe ẹlẹ́rìí ta ko ohun tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀. Ìyẹn ni. Yàrá òfìfo kì í jiyàn. Mo pe Kábò ní Ọ̀gá Òfìfo, orúkọ yẹn sì ti mọ́ ọn lára.

Àbámẹ́ta, 19 oṣù kẹwàá

Ìdánwò. Ó ní tí mo bá yege, topọ́lọ́jì bẹ̀rẹ̀.

Ó ní kí n fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀tì, mo lè yan ẹnì kan láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni mo mọ̀ jù láyé! Nílé wa, Sátidé kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tó kàn láti fọ bálùwẹ̀ àti pásééjì. Yàrá á yan ẹnì kan jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti garawa. Bí yàrá kan bá kùnà, yàrá tó tẹ̀lé e ló máa fọ tirẹ̀ mọ́ ti ara wọn. Òfin Bàbá Onílé nìyẹn. Ní yàrá keje èmi ni wọ́n ń yàn, torí ìbàdí ìyá mi ò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan sì ni ọmọ. Mo kọ ọ́ báyìí: láti inú yàrá kọ̀ọ̀kan, mú ẹni tó ń fọ ilẹ̀ lọ́sẹ̀ tó bá kàn wọ́n. Ó parí.

Ojú Kábò ò rí ìkọ̀wé mi mọ́. Mo kà á sókè fún un. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Yàrá kẹfà ńkọ́?"

Mo ní àwọn náà yan ẹnì kan. Ó ní ta ni? Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá kan yàrá kẹfà, tí mo bá jí, ilẹ̀ ti tutù, bálùwẹ̀ ti ń run ìzál. Kò ku nǹkan kan fún mi rí. Mo ní mo rò pé Bàbá Onílé ló ń bẹ ẹnì kan.

Ó dé máàkà rẹ̀, ó tún ṣí i. Lẹ́yìn náà ó ní ẹ̀rí mi ti wó. Láti inú òfìfo, èèyàn ò lè yan ẹnikẹ́ni. Kí n lọ tún un kọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mo bínú, mi ò dágbére fún un. Ohùn rẹ̀ sì rọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ìyẹn ló tún wá bí mi nínú.

Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹwàá

Mo ti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ kékeré ló sọnù: láti inú yàrá kọ̀ọ̀kan *tí kò ṣófo*. Kábò pàtẹ́wọ́. Ó ní Sátidé, topọ́lọ́jì. Ní tòótọ́ tòótọ́.

Ó yẹ kí n máa jó. Mo wá bi í pé ta ló wá ń fọ ilẹ̀ yẹn. Yàrá kẹfà ṣófo, ilẹ̀ sì ń mọ́. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ jàre, Harriet. Na old matter."

Ó yá a lẹ́nu jù. Ẹni tó fi yàrá òfìfo bá mi jà títí ẹni ìsàlẹ̀ fi gbá àjà, òun ló ń sọ pé kí n fi í sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù kẹwàá

Mi ò lè fi í sílẹ̀. Ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà dá mi nìyẹn. Ìṣirò tí kò bá parí máa ń bá mi jẹun.

Àbámẹ́ta, 26 oṣù kẹwàá

Kò sí lẹ́sìnnì. Ojú ń ro Kábò, wọ́n ní kó lọ sí ọsibítù, Onyeka tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e lọ. Topọ́lọ́jì tún sún síwájú. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Mo ti wọṣọ tán, mi ò sì lè jókòó sílé, ẹsẹ̀ mi gbà mí lọ sí Àmúkokò.

Ilé náà ṣì wà. Wọ́n ti kun ún ní àwọ̀ ewé. Pásééjì ti kéré — àbí èmi ni mo tóbi. Oluchi, ọmọ yàrá kẹrin, ṣì wà níbẹ̀, ó jogún yàrá ìyá rẹ̀, ó gbé máṣìnnì ìránṣọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ kékeré ni nígbà tiwa. Ó dì mọ́ mi, ó bú sẹ́kún, ó pèsè ohun mímu tútù. Wọ́n ti gba yàrá kẹfà báyìí. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ló ń gbé ibẹ̀.

Mo bi í bí ẹni ń ṣeré: Oluchi, o ò rántí ẹni tó ń fọ ilẹ̀ fún yàrá kẹfà?

Ó dá máṣìnnì dúró. "Ah-ah! Àǹtí Harriet, ẹ̀yin ò mọ̀? Na Bọ̀ọ̀dá Kábò now! Everybody for this house know."

Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni. Á ká ṣòkòtò sókè, á máa rọra da omi kí garawa má dún. Màmá Ebiere nà án lẹ́ẹ̀kan torí omi mímu wọn ló lò tán. Wọ́n bi í pé kí ló kan yàrá kejì nínú iṣẹ́ yàrá kẹfà. Ó ní tí òun ò bá fọ̀ ọ́, yàrá keje ló máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Oluchi ní Màmá Ebiere sọ garawa sílẹ̀, wọ́n wò ó, wọn ò nà án mọ́. Láti ọjọ́ yẹn àwọn fúnra wọn ló ń pọn omi kún un fún un.

Gbogbo ilé mọ̀. Gbogbo ilé àfi yàrá keje.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa àtijọ́, mo sunkún níṣojú àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá mi ńkọ́? Ṣé ìyá mi náà mọ̀? Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n mọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sebẹ̀ ẹja ní Sátidé, wọ́n á ní, "Bu díẹ̀ lọ fún Kábò."

Mo fẹ́ràn Kọ́láwọlé mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́ nínú ìwé yìí. Ọkọ rere ni. Ṣùgbọ́n mo ń sunkún nítorí ọmọkùnrin kan tó ká ṣòkòtò sókè.

Ajé, 28 oṣù kẹwàá

Mi ò lọ sọ́dọ̀ Kábò. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́rú, 30 oṣù kẹwàá

Preye ti dé Èkó. Ó ní bàbá òun ń bi gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn bóyá Harriet ni. Mo ní mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹtì, 1 oṣù kọkànlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má gbàgbé.

Páálí kún pálọ̀, Preye ń fi tépù dí wọn. Kábò jókòó lẹ́bàá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ó ní ṣé mo mú iṣẹ́ wá. Mo ní mo mú ẹ̀rí mi wá, mo ti rí ibi tó ti wó gan-an. Ó na ọwọ́, ó gbé ìwé sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó dá a padà fún mi. Ó ní kí n kà á.

Mo kà á: "Yàrá kẹfà ṣófo. Kò yan ẹnikẹ́ni. Ọmọ yàrá kejì ló ń fọ ilẹ̀ náà kí ọmọ yàrá keje má baà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà yàrá náà ṣófo, ilẹ̀ náà sì mọ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò ta kora."

Tépù Preye dákẹ́.

Kábò ní ta ló sọ fún mi. Mo ní Oluchi. Ó ní Oluchi ò ní ilẹ̀kùn lẹ́nu láti kékeré. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo ti rí ọwọ́ yẹn rí, lórí bẹ́ǹṣì, ní họlidé yẹn.

Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ti múra rẹ̀ sílẹ̀ láti yunifásítì, òun ti kà á sórí nínú ọkọ̀. Òun jókòó, òun la ẹnu, topọ́lọ́jì ló jáde.

Gbogbo ọdún yìí. Topọ́lọ́jì ni mo ń wá kiri.

Mo kàn fi ọwọ́ mi lé ọwọ́ tó wà lórí bọ́tìnnì, mo ní kó má já a. Preye wọ inú kíṣìnnì lọ, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Kábò nu imú. "Oya. Topology." Ó gbé máàkà, ó kọ lẹ́tà ńláńlá sára páálí tí wọ́n ti dí. Ó ní òfin àkọ́kọ́ ni pé tí a bá ń ka àwọn sẹ́ẹ̀tì tó wà nínú topọ́lọ́jì kan, sẹ́ẹ̀tì òfìfo gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. A kò gbọdọ̀ yọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì, gbogbo ilé lódindi náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Mo ní nítorí òfin yìí lo ṣe ń fi sẹ́ẹ̀tì jẹ mí níyà láti oṣù tó kọjá? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní tí mi ò bá ka yàrá kẹfà, mi ò lè rí ilé náà.

Ibẹ̀ la dé. Òfin tó kù ṣì wà níwájú.

Àbámẹ́ta, 2 oṣù kọkànlá

Wọ́n ti lọ. Mo sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò. Mo fi ìpàpánu àti ẹja díndín sí ọwọ́ Kábò, mo ní ti Sátidé ni. Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní mi ò lè kọ́ òfin tó kù lórí fóònù, mò ń bọ̀ ní Yenagoa lẹ́yìn Kérésì. Ó ní kí n mú gègé dání.

Preye yọjú lójú fèrèsé. Ó ní, "Auntie, yàrá mẹ́ta ló wà nílé wa. Tèmi, ti Daddy, ìkẹta ò ní ẹnikẹ́ni nínú."

Mo ní kó má fi àgádágodo sí i.